Tẹ̀tẹ̀ Olórí Púpọ̀

"Monínú! Monínú o! Jáde wá wo uṣẹ́ Olúwa!"

Ẹ̀yìnkùlé ni ohùn náà ti ń bọ̀, ní àárọ̀ Sátidé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1998, nígbà tí ọyẹ́ mú tóbẹ́ẹ̀ tí ètè gbogbo ará àdúgbò Òkè-Ìlá fi là. Monínúọlá ti jí tipẹ́. Ó kàn dì mọ́ aṣọ ìbora rẹ̀ ni, torí ó mọ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ yọjú nínú ilé ni wọn yóò rán lọ pọnmi. Nígbà tí ìpè náà kò dáwọ́ dúró, ó wọ́ ẹsẹ̀ jáde, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Àtinúkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló ń pè é. Àtinúkẹ́ kò bímọ, ọkọ rẹ̀ sì ti kú ní Ìgbẹ́mọ tipẹ́tipẹ́ kí àbúrò rẹ̀ tó mú un wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ nílùú Adó. Màmá Ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí pé ibẹ̀ ló ń gbé ju inú yàrá lọ. Tẹ̀tẹ̀ ni, ṣọkọ ni, ilá ni, kò sí èyí tí kò gbìn, kò sì sí èyí tó gbìn tí kì í hù. Ìyá Monínúọlá, tó jẹ́ ará Ìkirè, tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí èèyàn bá gbàgbé bàtà sí ẹ̀yìnkùlé, kó tètè padà lọ mú un, kí Màmá má baà bomi rin ín kó yọ ewé. Màmá á rẹ́rìn-ín, á sì já ẹ̀fọ́ tó pọ̀ sí i fún un.

Ohun tó ń fi han Monínúọlá láàárọ̀ ọjọ́ náà dúró láàárín àwọn tẹ̀tẹ̀ yòókù bí àlejò tí kò mọ ibi tí yóò jókòó sí. Igi rẹ̀ kò rí roboto. Ó tẹ́ pẹlẹbẹ, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, ó sì ká kò lókè bí ogbe àkùkọ. Ewé wéwé bo orí rẹ̀ ṣìkìtì, orí lórí orí, débi pé èèyàn kò lè mọ iye ẹ̀ka tó wà níbẹ̀.

"Màmá, kí ló ṣe é?"

"Kí ló ṣe é kẹ̀? Ẹni tó dá a ló ṣe é! Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe uṣẹ́ ẹ̀fọ́, n kò rí irú rẹ̀ rí." Àtinúkẹ́ gbé ọwọ́ rẹ̀ tí ilẹ̀ ti há sí léèékánná lé orí ẹ̀fọ́ náà, ó sì di ojú. "Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Monínúọlá, ọmọ Olúwọlé, o kò níí tẹ́ láwùjọ ẹgbẹ́ rẹ. Bí tẹ̀tẹ̀ yìí ṣe lórí púpọ̀, orí tìrẹ á gbè ọ́ lọ́jọ́ ìdánwò. Ùyà kò níí jẹ ọ́ nínú ulé yìí. Ṣe àmín."

"Àmín," ni Monínúọlá wí. Òtútù ló ń mú un lẹ́sẹ̀, ó fẹ́ wọlé.

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni Àtinúkẹ́ ń dúró ti tẹ̀tẹ̀ náà bó bá ti bomi rin oko tán. Á pe orúkọ Monínúọlá, á sì ṣe àdúrà kan náà. Ojú fèrèsé yàrá ọmọ náà ni oko wà, kò sì sí ọjọ́ kan tí kò gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà mìíràn á máa bá a ka ìyókù rẹ̀ nínú ọkàn, bí ọmọdé ṣe ń bá aago ilé ìwé ka iye ìgbà tó dún.

Ìdánwò tí à ń wí yìí kì í ṣe kékeré. Ọmọbìnrin náà ti wà ní kíláàsì àṣekágbá ní ilé ìwé girama. Wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe ìdánwò àṣewò, èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní móòkì, kí tòótọ́ tó dé. Bàbá rẹ̀, Olúwọlé, tí í ṣe olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sọ pé kó máa dúró fún lẹ́sìn lẹ́yìn tí ilé ìwé bá parí. Àtinúkẹ́ ló ń di oúnjẹ fún un lójoojúmọ́, ẹ̀kọ tútù àti ẹ̀fọ́ tó já lára tẹ̀tẹ̀ olórí púpọ̀ náà, kí ebi má baà pa á níbi tó ti ń kàwé.

Monínúọlá ń jẹ oúnjẹ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní lẹ́sìn. Ilé Ṣọlápé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́, níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀gbọ́n Ṣọlápé ní ẹ̀rọ fídíò, ó sì ń yá fíìmù tuntun wálé. Ṣọlápé ti sọ fún un pé, "Lẹ́sìn wo? Ṣé àwọn tó ń lọ lẹ́sìn ní orí méjì ni? Fi iyẹn sílẹ̀ jàre." Kì í ṣe ọmọ burúkú ni Monínúọlá. Ó máa ń sọ pé ti òní nìkan ni, òun yóò lọ lọ́la. Ọ̀la sì jẹ́ ọmọlúwàbí, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn fíìmù tí wọ́n ń wò kún fún ìyá àgbà tó ń fi oúnjẹ dí ọpọlọ ọmọ ọlọ́mọ, tí yóò sì máa pe orúkọ rẹ̀ sínú ìkòkò.

Nígbà tí èsì móòkì jáde, ọ̀gá ilé ìwé ránṣẹ́ pe àwọn òbí rẹ̀. Òdo ló gbà nínú ìṣirò, ti Gẹ̀ẹ́sì kò sì yàtọ̀ púpọ̀. Bí wọ́n ṣe délé tí wọ́n wọ pálọ̀, ìyá rẹ̀ ju ìborùn sórí àga, ó ní, "Ọmọ tí mo ń gba oòrùn lọ́jà nítorí rẹ̀! Kí lo ń ṣe ní lẹ́sìn? Sọ fún mi lónìí, àbí kí bàbá rẹ wá ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ."

Olúwọlé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń tú bẹ́líìtì. Ẹ̀rù ba Monínúọlá. Ó mọ̀ pé bí òun bá dárúkọ Ṣọlápé, gbogbo rẹ̀ yóò tú síta. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rò ó dáadáa.

"Orí mi ni, Mọ́mì. Bí mo bá ṣí ìwé, ojú mi á ṣú. Láti ìgbà tí mo ti ń jẹ ẹ̀fọ́ tí Màmá ń já lára tẹ̀tẹ̀ yẹn ni."

"Tẹ̀tẹ̀ wo?"

"Olórí púpọ̀ yẹn. Àràárọ̀ ni wọ́n ń dúró tì í, tí wọ́n ń pe orúkọ mi."

Ọwọ́ Olúwọlé dúró lórí bẹ́líìtì. Apá kejì ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ìyẹn gan-an ló sì burú níbẹ̀, torí pé ẹni tó bá fẹ́ wádìí yóò gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Nílùú wa, a kì í fi orúkọ èèyàn ṣeré. Bí ẹnìkan bá dúró ti igi tàbí ewé tó ń pe orúkọ ẹlòmíràn, kì í ṣe ohun tí à ń fojú rénà.

Ní ọjọ́rú, ìyá rẹ̀ mú un lọ bá Wòlíì Adébíyìí ní ṣọ́ọ̀ṣì àládùúrà tí wọ́n ń lọ. Àgbàlagbà tó ní sùúrù ni Wòlíì, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó jókòó ti Monínúọlá lórí bẹ́ǹṣì.

"Ọmọ mi, ṣé etí ara rẹ lo fi gbọ́ orúkọ rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ni wọ́n ń sọ tẹ̀ lé e? Ṣé ire ni àbí ibi?"

Monínúọlá mọ àdúrà náà sórí, ó lè kà á láìṣe àṣìṣe kan. Ó wo ìyá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n nítorí ẹkún. Bí òun bá sọ pé ire ni, wọ́n á béèrè ohun tó wá fa òdo.

"N kò gbọ́ ìyókù, sà. Wọ́n ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ ni."

"Tún rò ó wò, ọmọ mi."

"N kò gbọ́, sà."

Wòlíì mí kanlẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa gbàdúrà, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe Àtinúkẹ́ ní ohunkóhun. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ti gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé! Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ o, orúkọ tí wọ́n ń pe obìnrin náà gan-an nìyẹn! Màmá Ẹ̀yìnkùlé!" Gbogbo wọn wo ara wọn. Orúkọ tí wọ́n ti fi ń ṣàwàdà láti ọjọ́ yìí wá di ẹ̀rí.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kò sí ẹni tó ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ Àtinúkẹ́ mọ́. Ó gbé igbá rẹ̀ lọ, ó sì gbé e padà bó ṣe kún. Àwọn aboyún ń gba òdìkejì títì. Ó bi Olúwọlé léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Olúwọlé ní kò sí nǹkan. Ẹ̀fọ́ obìnrin yìí ló rán Olúwọlé nílé ìwé o, òun ló sọ ọ́ di olùkọ́, síbẹ̀ kò lè wo ojú rẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n dé. Àwọn obìnrin àdúgbò àti àwọn ọ̀dọ́ tó mú àdá àti kẹrosíìnì lọ́wọ́ ni. Wòlíì kò sí láàárín wọn. Àtinúkẹ́ jókòó lórí garawa tó da ojú dé, ó ń ṣa ṣọkọ. Ẹnìkankan kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọ́n ń fa oko tu, ilá àti ṣọkọ tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ náà bá a lọ. Nígbà tí wọ́n dé ìdí tẹ̀tẹ̀ olórí púpọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe orúkọ Jésù. Ìgbà náà ni Àtinúkẹ́ dìde. Ó fi ojú wá Monínúọlá láàárín èrò.

"Monínú, wọ́n ní mo ń pe orúkọ rẹ. Òótọ́ ni, mo ń pè é. Kí ni mo máa ń sọ tẹ̀ lé e? Ìwọ sọ fún wọn."

Ariwo rọlẹ̀. Gbogbo ojú kọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Ṣọlápé wà níbẹ̀, ìyá Monínúọlá wà níbẹ̀, bàbá rẹ̀ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Gbólóhùn díẹ̀ péré ni wọ́n ń retí. Ó wà lẹ́nu rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde.

"N kò mọ̀," ni ó wí.

"O kò mọ̀?"

"N kò mọ̀, mà."

Láti kékeré rẹ̀, kò pe Àtinúkẹ́ ní "mà" rí. Màmá ló ń pè é. Àtinúkẹ́ tún jókòó sórí garawa, ó sì ń ṣa ìwọ̀nba ṣọkọ tó kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n da kẹrosíìnì sí tẹ̀tẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ewé tútù kì í jó bọ̀rọ̀. Èéfín nìkan ló bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé títí di ìrọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Olúwọlé gbé ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀, ó sì bá a wọ mọ́tò Ìgbẹ́mọ.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ sí Monínúọlá lẹ́yìn náà yóò ya ẹni tí kò bá tíì purọ́ ńlá rí lẹ́nu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba irọ́ ara rẹ̀ gbọ́. Kò tún lọ sílé Ṣọlápé mọ́, ó ń kàwé, síbẹ̀ ohun tó ń kà kò wọ̀ ọ́ lórí, ọkàn rẹ̀ kì í sì balẹ̀. Ó wá ń sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá nǹkan kan wà nínú ẹ̀fọ́ náà lóòótọ́. Èwo ni tẹ̀tẹ̀ tó rí bẹ́ẹ̀? Ọkàn rẹ̀ rí ibi jókòó sí níbẹ̀.

Oko ilé ìwé ni wọ́n ti lé e dìde kúrò níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́níyì, olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, kó wọn lọ wo ilá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Láàárín ilá náà ni ọ̀kan wà tí igi rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ bí rúlà, tí òdòdó àti ọmọ ilá kún orí rẹ̀ gádígádí. Ṣọlápé fò sẹ́yìn, ó ní, "Àjẹ́!"

Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́níyì rẹ́rìn-ín. "Àjẹ́ wo ló ráyè ilá ilé ìwé? Ẹ súnmọ́ ibí. Gbogbo ewéko ló ní ojú kan lókè tí ó fi ń dàgbà. Bí ojú náà bá ṣèṣe, dípò kó máa lọ sókè ní ẹyọ kan, á fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Kòkòrò lè jẹ ẹ́, òtútù lè mú un, ó sì lè jẹ́ pé inú irúgbìn ló ti wá. Nígbà púpọ̀, a kì í mọ èyí tó jẹ́. Mo ti rí i lára tòmátì, mo ti rí i lára tẹ̀tẹ̀." Ó já ilá kan lára rẹ̀, ó jẹ ẹ́ ní tútù. "Oúnjẹ ni. Kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan."

Monínúọlá kò lè dúró mọ́. Ó lọ sẹ́yìn yàrá ìkàwé, ó sì sunkún. Ibi ìsápamọ́sí rẹ̀ ti wó.

Nígbà tí wọ́n gba ọlidé, ó wọ mọ́tò lọ sí Ìgbẹ́mọ. Ó bá Àtinúkẹ́ nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ẹbí. Kò sí oko, kò sí ewé kan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé Ìgbẹ́mọ, ẹ̀fọ́ wo ni yóò tún gbìn, ta ni yóò rà á? Monínúọlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, ó gbàgbé láti kúnlẹ̀.

"Màmá, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àdúrà ni ẹ ń ṣe fún mi. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáríjì mí."

"Mo ti dáríjì ọ́," ni Àtinúkẹ́ wí. Ara rẹ̀ ti rù. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi lo sọ irọ́ náà fún. Lọ sọ fún àwọn tí o sọ ọ́ fún."

Ó lọ. Ó kọ́kọ́ sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì gbé ọwọ́ lérí. "Ṣé o lọ sí Ìgbẹ́mọ? Ta ló ní kí o lọ? Kí lo jẹ níbẹ̀?" Ó sọ fún àwọn aládùúgbò, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ní ọjọ́ Àìkú, ó dìde ní àkókò ẹ̀rí, ó jẹ́wọ́ fíìmù, ó jẹ́wọ́ lẹ́sìn, ó ka àdúrà náà jáde lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan níwájú gbogbo ìjọ. Kò tíì jókòó tí ìyá tó pàtẹ́wọ́ níjọ́sí fi pariwo pé, "Ẹ ò rí i? Màmá Ẹ̀yìnkùlé ti pàrọ̀ ahọ́n ọmọ yìí! Ó ti ń fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu!" Ni agogo bá ń dún, ni wọ́n bá yí i ká, tí wọ́n gbọ́wọ́ lé e lórí, tí wọ́n ń gbàdúrà ìtúsílẹ̀ fún un. Wòlíì ń sọ pé kí wọ́n fara balẹ̀, ariwo kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. Bí Monínúọlá bá ti ń wí pé òótọ́ lòun ń sọ, ni àdúrà ń le sí i.

Ó tún padà sí Ìgbẹ́mọ.

"Wọn kò gbà mí gbọ́, Màmá."

"Mo mọ̀ pé wọn kò níí gbà ọ́ gbọ́."

"Ẹ mọ̀? Kí ló dé tí ẹ fi rán mi?"

Àtinúkẹ́ tún ìró rẹ̀ ró. "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ òótọ́, tí wọ́n sì ń fi àdúrà dá mi lóhùn. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹnìkan bá mi mọ bó ṣe rí."

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Monínúọlá tó yege nínú ìdánwò. Àtinúkẹ́ kò fẹsẹ̀ tẹ Adó mọ́ títí ó fi kú sí Ìgbẹ́mọ.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òwe náà kò parọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ fún wa pé ohun tí irọ́ ti jẹ lójú ọ̀nà, òtítọ́ kì í bá wa gbà á padà. Ìwọ ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ìyà ẹ̀bi ara rẹ kì í pẹ́ lára bí ìyà tí o bá tì sọ́rùn ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tí o mọ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí o sọ ọ́.